Fáìlì Tó Bàjẹ́, Fọ́tò Tó Pòórá: Ìdáhùn Sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé Wa ní Òṣogbo

Ìbéèrè méje la mú nínú èyí tí ẹ kọ ránṣẹ́ láti Òṣogbo. Gbogbo wọn ló dá lórí fáìlì tó bàjẹ́ àti ibi tó yẹ kéèyàn máa tọ́jú ẹ̀dà sí nínú ilé. Ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ dì mú kí ẹ tó kà síwájú: bí fáìlì bá ti ń ṣe ségesège, ẹ má kọ ohunkóhun mọ́ sórí ibi tó wà. Ọ̀pọ̀ fáìlì tó ṣeé gbà là ló jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ tún un ṣe ló bàjẹ́ pátápátá sí.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ayàwòrán ni mí ní Òkè-Fìà. Mo ya ìgbéyàwó kan sórí memory card 64GB. Nígbà tí mo fi í sínú kọ̀ǹpútà, ó ní kí n fọ́máàtì rẹ̀ kí n tó lè lò ó. Ẹnì kan ní kí n ṣe chkdsk (àṣẹ Windows tó ń yẹ disk wò tó sì ń tún un ṣe), ẹlòmíì ní kí n kàn fọ́máàtì ẹ̀ kí n wá fi software wá fọ́tò. Èwo ni kí n ṣe? Àwọn oníyàwó ti ń pè.

Ẹ má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ yọ káàdì náà, ẹ sún bọ́tìnì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí ibi tí wọ́n kọ Lock sí, ẹ má sì fi ya fọ́tò ẹyọ kan mọ́.

Ohun tó sábà máa ń bàjẹ́ kì í ṣe fọ́tò fúnra rẹ̀, àtòjọ tó ń sọ ibi tí fọ́tò kọ̀ọ̀kan wà lórí káàdì ni. Bí ewé àtòjọ iwájú ìwé bá ya dànù, ojú ìwé yòókù ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún kọ nǹkan tuntun sórí káàdì, ó lè bọ́ sórí ibi tí fọ́tò ìyàwó wà gan-an, ẹ̀pà ò sì bóró mọ́ nìyẹn. Chkdsk /f náà máa ń kọ nǹkan sórí káàdì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí àtòjọ ṣáà tọ́, kì í ṣe kí fọ́tò yín yè, ó sì lè kó ohun tó rí sínú fódà FOUND.000 pẹ̀lú orúkọ bíi FILE0000.CHK. Ní ti fọ́máàtì, Quick Format máa ń pa àtòjọ nìkan rẹ́, àmọ́ láti ìgbà Windows Vista ni fọ́máàtì tí kì í ṣe Quick ti máa ń kọ òdo sí gbogbo ara káàdì. Bí ẹ bá ṣèèṣì ṣe ìyẹn, kò sí software tó lè bá yín wá nǹkan kan.

Ẹ kọ́kọ́ fi card reader mìíràn dán an wò, tàbí kí ẹ fi wáyà so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà. Reader tí kò dáa lè mú kó dà bíi pé káàdì ló bàjẹ́. Bó bá ṣì ń béèrè fọ́máàtì, ẹ da gbogbo ohun tó wà lórí káàdì kọ sínú fáìlì kan ṣoṣo lórí hard disk tó ní àyè tó ju 64GB lọ, kó lè jẹ́ pé ara ẹ̀dà yẹn lẹ ó ti máa ṣiṣẹ́. Lórí Windows, ẹ lè lo Win32 Disk Imager: ẹ kọ orúkọ fáìlì bíi D:\kaadi.img, ẹ yan lẹ́tà káàdì, ẹ tẹ Read. Ẹ ṣọ́ra fún Write, ìyẹn ń kọ nǹkan sórí káàdì ni. Bí kíkà bá ń dúró lójú ọ̀nà, ó túmọ̀ sí pé ibì kan lára káàdì ti ń kú. Ẹ fi Linux (ètò ìṣiṣẹ́ tó yàtọ̀ sí Windows) tó wà lórí flash tan kọ̀ǹpútà, ẹ fi lsblk wo orúkọ káàdì (64GB á hàn bíi 59G sí 60G), kí ẹ wá lo ddrescue:

ddrescue -d -r3 /dev/sdb kaadi.img kaadi.map

Ẹ fi orúkọ tí lsblk fún yín rọ́pò sdb. Ddrescue máa ń fo ibi tó le, á kó ibi tó rọrùn ná, kó tó padà sí èyí tó kù.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí QPhotoRec. Ọ̀fẹ́ ni, òun àti TestDisk ni wọ́n jọ máa ń wà nínú àpò kan. Ẹ fún un ní kaadi.img, ẹ yan FAT/NTFS, ẹ yan Whole, ẹ sì ní kó kó ohun tó bá rí sórí hard disk. Kò wo àtòjọ rárá, àmì tí fáìlì JPEG tàbí fídíò fi ń bẹ̀rẹ̀ ló ń wá kiri. Ìdí nìyẹn tí orúkọ fáìlì fi máa ń sọnù, tí gbogbo rẹ̀ á di f0123456.jpg. Ẹ má jẹ́ kíyẹn dùn yín: ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ ya fọ́tò wà nínú fáìlì fúnra rẹ̀, ẹ fi Date taken tò ó. Fọ́tò tí ìdajì rẹ̀ bá di àwọ̀ eérú, ìyókù rẹ̀ ni kò rí kó tàbí tí nǹkan mìíràn ti gorí rẹ̀.

Fídíò tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ìparí ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà máa ń kọ moov, ìyẹn apá fáìlì MP4 tó ń júwe gbogbo ìyókù. Bí bátìrì bá kú láàárín gbígbà, fídíò á wà níbẹ̀, á wúwo, ṣùgbọ́n kò ní ṣeé wò. Software kan tó ń jẹ́ untrunc lè tún un ṣe bí ẹ bá fún un ní fídíò mìíràn tó dáa, tí kámẹ́rà kan náà gbà pẹ̀lú ètò kan náà.

Fún iṣẹ́ tó ń bọ̀: ẹ má yọ káàdì nígbà tí iná pupa kámẹ́rà bá ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ má lo bátìrì dé ìsàlẹ̀ pátá, inú kámẹ́rà sì ni kí ẹ ti máa fọ́máàtì káàdì, lẹ́yìn tí fọ́tò bá ti wà níbi méjì. Tí kámẹ́rà yín bá ní ihò káàdì méjì, ẹ jẹ́ kó máa kọ ohun kan náà sórí méjèèjì. Ẹni tó ń gba owó ìgbéyàwó kò gbọ́dọ̀ ya á sórí káàdì kan ṣoṣo.

Akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN ni mí. Wọ́n mú iná lọ nígbà tí mo ń tẹ project mi lórí flash. Bátìrì laptop mi ti kú tipẹ́. Word ní fáìlì náà ti bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà sórí laptop ná, ẹ̀dà yẹn nìkan sì ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀ nínú Properties. Bó bá jẹ́ 0 bytes, kò sí ohun tí a fẹ́ tún ṣe níbẹ̀. Bó bá ní ìwọ̀n, ẹ fi Notepad ṣí i: zip ni fáìlì docx, nítorí náà PK ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ àlàfo látòkè délẹ̀, Windows ti kọ ìwọ̀n fáìlì sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tíì dé orí flash kí iná tó lọ.

Bí PK bá wà níbẹ̀, ìrètí wà. Nínú Word, ẹ lọ sí Open, ẹ tẹ orúkọ fáìlì lẹ́ẹ̀kan, ẹ tẹ ọfà ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnì Open, kí ẹ yan Open and Repair. Bó bá kọ̀, ẹ yí .docx padà sí .zip, ẹ fi 7-Zip ṣí i. Inú word\document.xml ni ọ̀rọ̀ yín wà, inú word\media ni àwòrán wà. Kíkó ọ̀rọ̀ jáde láti ibẹ̀ máa ń gba sùúrù, àmọ́ ó sàn ju kí ẹ tún orí mẹ́ta tẹ̀.

Ẹ wo inú File, Info, Manage Document, Recover Unsaved Documents pẹ̀lú. Ẹ sì wá fáìlì tó parí sí .asd nínú AppData\Roaming\Microsoft\Word, torí orí laptop ni Word ń kó ẹ̀dà tó fi ń gba ara rẹ̀ là sí, kódà nígbà tí fáìlì fúnra rẹ̀ bá wà lórí flash. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ló ń ṣe é bí ẹ kò bá yí i. Ẹ lọ sí Options, Save, kí ẹ sọ ọ́ di méjì. Láti òní lọ, orí laptop ni kí ẹ ti máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa da ẹ̀dà sórí flash bí ẹ bá ṣe tán. Lójoojúmọ́, ẹ fi orúkọ tuntun pa á mọ́: Ori3-01, Ori3-02. Laptop tí kò ní bátìrì nílò UPS kékeré (àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró bí iná bá lọ), bó ti wù kó rí.

Mo ra flash 2TB ní Ọjà-Ọba, ó pọ́ọ́kú. Orúkọ fídíò tí mo kó sí i ń hàn, ṣùgbọ́n wọn ò ṣí.

Kì í ṣe 2TB. Chip inú rẹ̀ lè jẹ́ 16GB tàbí 32GB, wọ́n sì ti tún inú rẹ̀ kọ kó lè máa pe ara rẹ̀ ní 2TB. Nígbà tí àyè tòótọ́ bá kún, ohun tí ẹ ń kó lé e kò rí ibi kankan gbé, tàbí kó máa gun orí ti ìṣáájú. Èyí tí ẹ kọ́kọ́ kó sí i lè ṣì dáa, ẹ kó o jáde kíákíá. Fáìlì tí kò bá gbé ibẹ̀ rí, kò sí bí a ṣe fẹ́ gbà á padà.

Ẹ máa fi H2testw dán flash tuntun wò kí ẹ tó gbára lé e. Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Á kọ nǹkan kún flash, á tún un kà, á sì sọ iye tó jẹ́ òótọ́. Lórí Linux, f3write àti f3read ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Flash 128GB tó ń kọ 20MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan á gba nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta láti kọ nìkan, nítorí náà kò ṣeé ṣe níwájú ìsọ̀. Ẹ bá òǹtajà dá a kí ẹ tó sanwó pé ẹ lè dá a padà lọ́jọ́ kejì.

Hard disk wa ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀, kò sì hàn mọ́. Wọ́n ní kí n gbé e sínú fíríìsà. Òkè-Báálẹ̀.

Ẹ má gbé e síbẹ̀ o. Ìrì ni yóò sẹ̀ sí i nínú. Ẹ yẹ agbára iná wò ná: ihò USB 2.0 ń fúnni ní 500mA, USB 3.0 ń fúnni ní 900mA, ihò iwájú kọ̀ǹpútà ńlá pẹ̀lú wáyà gígùn sì lè máà gbé hard disk dìde. Ẹ fi wáyà kúkúrú mìíràn so ó mọ́ ihò ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan péré. Bó bá ṣì ń dún, orí tó ń kàwé nínú rẹ̀ ló ní àìsàn, gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì tún tan án ló lè máa ha ojú àwo tí fáìlì wà lára rẹ̀. Ẹ pa á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u nínú ìsọ̀ eléruku. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá tó owó ńlá, ilé iṣẹ́ tó ní yàrá tí kò ní eruku nìkan ló lè ṣí i.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Ògo-Olúwa. Fọ́tò, fídíò àti ìwé ilẹ̀ tí àwọn ọmọ bá mi sọ di fáìlì ti tó 300GB. Ṣé SSD ni kí n rà, àbí hard disk, àbí àpótí NAS (àpótí hard disk tí gbogbo ilé jọ ń lò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), àbí kí n kó gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Bàbá wa, ẹ kú àmójútó. Èrò tiwa ni pé kí ẹ ra hard disk kékeré oní-2.5 inch méjì, 1TB kọ̀ọ̀kan (Windows á pè é ní 931GB), láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn tó jáde lọ́jọ́ kan náà láti ilé iṣẹ́ kan náà lè ní àbùkù kan náà. Oní-2.5 inch ń gba iná láti ara USB. Èyí tó tóbi, oní-3.5 inch, nílò adápútọ̀ 12V tirẹ̀, ara adápútọ̀ yẹn ni iná tó bá ṣàdédé ga sókè máa ń gbà wọlé.

SSD yára, ó sì dáa fún inú laptop, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí à ń jù sínú dúrọ́ọ̀ fún ọdún. Iná tó há sínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló fi ń rántí nǹkan, díẹ̀díẹ̀ niyẹn sì ń jò. Òdiwọ̀n JEDEC (àjọ tó ń ṣe òdiwọ̀n fún chip) béèrè pé kí SSD tara ilé tó ti lo iye kíkọ rẹ̀ tán lè tọ́jú fáìlì fún ọdún kan láìsí iná, níbi tí ooru kò ti ju 30°C lọ. Tuntun máa ń pẹ́ jùyẹn lọ, àmọ́ yàrá Òṣogbo lóṣù kejì àti ìkẹta máa ń kọjá 30°C. Flash burú jù ú lọ.

NAS dára níbi tí èèyàn púpọ̀ ti ń lo fáìlì kan náà, tí iná sì dúró. Ó nílò UPS tirẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì mú ni RAID 1 (kíkọ ohun kan náà sórí hard disk méjì lẹ́ẹ̀kan náà): ó ń gbà yín lọ́wọ́ hard disk kan tó kú, kò gbà yín lọ́wọ́ ọmọ tó pa fódà rẹ́, lọ́wọ́ olè, lọ́wọ́ àrá. Bí ẹ bá rà á pẹ̀lú ìyẹn náà, ẹ béèrè hard disk CMR (tó ń kọ ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀), kì í ṣe SMR (tó ń kọ ìlà gorí ara wọn), tó máa ń fà gan-an bí ẹ bá ń tún RAID tò. Lọ́dún 2020, Western Digital jẹ́wọ́ pé SMR ni àwọn kan nínú WD Red tí wọ́n ń tà fún NAS. Red Plus ni kí ẹ béèrè.

Íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Bí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá ń gbé fáìlì sókè ní 5Mb ní ìṣẹ́jú àáyá kan (Mb mẹ́jọ ló wà nínú MB kan), 300GB á gba ọjọ́ márùn-ún àti ààbọ̀ láìsinmi, ká má tíì sọ ti dátà. Ẹ jẹ́ kí ìwé ilẹ̀ àti fọ́tò àṣàyàn nìkan lọ síbẹ̀. DVD kan ń gba 4.7GB, ẹ ó nílò ju 60 lọ.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ fọ́máàtì méjèèjì sí NTFS, ìyẹn ọ̀nà tí Windows fi ń to fáìlì sórí disk. Ó ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kó tó ṣe é, nítorí náà ó máa ń rọ́jú bí iná bá lọ. ExFAT kò ní irú ẹ̀, FAT32 ò sì gba fáìlì tó ju 4GB lọ. Ihò USB aláwọ̀ búlúù ni kí ẹ lò: ní 100MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 300GB á parí ní nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú. Lórí USB 2.0, ó máa ń súnmọ́ wákàtí méjì ààbọ̀. Fáìlì wẹ́wẹ́ máa ń fà jùyẹn lọ. Ẹ tẹ èyí sínú Command Prompt (D ni ibi tí fáìlì yín wà báyìí, E ni hard disk tuntun):

robocopy D:\Ile E:\Ile /E /R:2 /W:5 /LOG:D:\ile.txt

Ẹ má fi /MIR kún un, torí ó máa ń pa ohun tí kò bá sí ní D rẹ́ lórí E. Fódà tí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa rẹ́ lónìí á kú bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀dà náà.

Àyẹ̀wò ló kù, ibẹ̀ ló sì ká wa lára jù, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé ibẹ̀. Ẹ fi Eject yọ hard disk, ẹ tún un kì bọ̀ ọ́. Bí ẹ kò bá yọ ọ́, kọ̀ǹpútà lè máa ka ohun tó ṣì wà nínú RAM, kó sọ pé ó dáa láìwo hard disk rárá. Ẹ ṣí FreeFileSync, ẹ yan kó fi File content wé fódà méjèèjì. Á ka gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ jẹ́ kó ṣe é lóru bí iná bá wà.

Kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ yín, kí èkejì wà lọ́dọ̀ àbúrò ní Ẹdẹ tàbí Ìkìrun, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn lóṣooṣù. Èyí tó wà nílé, ẹ yọ ọ́ lára kọ̀ǹpútà bí ẹ bá ti kó nǹkan tán, pàápàá bí òjò bá ń ṣú. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, ẹ fi CrystalDiskInfo, software tó ń sọ ìlera hard disk, wò ó: bí iye 05, C5 tàbí C6 (ìyẹn iye ibi tó ti ń bàjẹ́ lára rẹ̀) bá ti kúrò ní òdo tó ń pọ̀ sí i, ẹ ra òmíràn. C7 sábà máa ń jẹ́ ẹ̀bi wáyà. Nítorí ìwé ilẹ̀, ẹ lè fi VeraCrypt ti ibẹ̀ pa, àmọ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé sórí bébà kí ẹ sì fi í sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fọkàn tán. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sọnù, kò sẹ́ni tó lè ṣí i.

Business center wa wà nítòsí Ọláìyá. Gbogbo fáìlì ti gba ìrù orúkọ àjèjì, ìwé kan sì wà níbẹ̀ tó ń béèrè owó. Ti hard disk backup tó wà lára kọ̀ǹpútà náà ti bá a lọ.

Ransomware nìyẹn, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ti fáìlì pa kó tó béèrè owó. Ẹ yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ pa Wi-Fi. Ẹ má pa fáìlì tó ti yí padà rẹ́. Ẹ kó wọn pamọ́ sórí hard disk mìíràn pẹ̀lú ìwé owó náà. Ẹ fi kọ̀ǹpútà tó mọ́ lọ sí nomoreransom.org, tí ọlọ́pàá Netherlands àti Europol (àjọ ọlọ́pàá Yúróòpù) pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ ààbò dá sílẹ̀ lọ́dún 2016, kí ẹ gbé fáìlì méjì síbẹ̀ kó sọ irú èyí tó mú yín. Àwọn kan ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀fẹ́, àwọn kan kò tíì ní, nítorí náà ni a ṣe ní kí ẹ pa fáìlì mọ́. Ẹ tún Windows ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Hard disk tó wà lára kọ̀ǹpútà látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kì í ṣe àfipamọ́, ohun tó bá mú kọ̀ǹpútà á mú un.

Aládìrẹ ni mí ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun. Orí fóònù nìkan ni fọ́tò gbogbo bátánì mi wà. Mo máa ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí ara mi lórí WhatsApp. Ṣó ti tó?

Ìyá wa, kò tíì tó. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè fúyẹ́, ojú àrà adìrẹ yín á sì ti ṣú díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó dé bó ṣe wà, Document ni kí ẹ yàn, kì í ṣe Gallery. Google ń fúnni ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n Gmail, Drive, Photos àti ẹ̀dà WhatsApp ló jọ ń pín in, ó sì máa ń yára kún.

Ẹ ní kí ọmọ kan nínú ilé fi wáyà so fóònù mọ́ laptop lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kó yan File transfer, kó ṣe ẹ̀dà fódà DCIM, níbi tí fọ́tò kámẹ́rà ń wà. Copy ni, kì í ṣe Cut, torí bí wáyà bá mì láàárín Cut, fọ́tò lè máà sí níbì kankan. Kí ó ṣí mẹ́wàá wò lórí laptop kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́ lórí fóònù. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé pé bí fóònù bá kú, ẹni tó ń tún fóònù ṣe á yọ fọ́tò jáde: fóònù tó jáde pẹ̀lú Android 10 síwájú máa ń ti inú rẹ̀ pa, bí kò bá sì tàn, fọ́tò kò ṣeé kà láti ara chip rẹ̀. Bákan náà ni memory card tí ẹ bá fọ́máàtì gẹ́gẹ́ bí Internal storage, inú fóònù yẹn nìkan ló ti lè ṣí. Portable ni kí ẹ yàn.